Bàtà Bàbá Kérésì

Mọ́rúfù télọ̀ kì í purọ́, àfi tó bá ń dá ọjọ́ aṣọ fún èèyàn. "Ẹ wá gbà á lọ́jọ́bọ̀" ni yóò wí, kò ní sọ Ọjọ́bọ̀ wo. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì, débi pé ó ń pe ilé ní ulé, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ará Adó á ti mọ̀ pé àlejò ni. Mùsùlùmí ni. Tí oṣù Kejìlá bá sì dé, aṣọ Kérésì ìdajì àdúgbò ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé òun náà ni Bàbá Kérésì ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Bàbá Adéyẹyè ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kan, ó ní kí Mọ́rúfù rán aṣọ pupa tuntun fún òun, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yẹ kó wọ̀ ọ́ ni orúnkún rẹ̀ kọ̀ láti dìde. Mọ́rúfù gbé aṣọ náà dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó pẹ́ dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì bá Màmá Dásọ́lá, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, lórí ìdúró. Àwọn ọmọdé ti ń kọ orin kan náà láti àárọ̀.

"Wọ̀ ọ́," ni màmá wí.

"Màmá, Mùsùlùmí ni mí."

"Mo bi ọ́ ni? Gbogbo ẹran Iléyá tí mò ń jẹ nílé rẹ, ta ló bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ? Wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́. Wọ́n fi òwú bo àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n ki ìrọ̀rí sí i níkùn, wọ́n fi bàtà òjò sí i lẹ́sẹ̀. Màmá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, nítorí ohùn Ìsẹ́yìn náà á tú àṣírí rẹ̀. Hó hó hó nìkan ni kó máa ṣe. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀, kó tó ronú, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà. Ilé ìjọsìn tó ti ń wọ̀ láti kékeré, a kì í gbé bàtà wọ ibẹ̀; ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró béèrè èyí tí eléyìí jẹ́.

Àwọn ọmọdé rí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn náà bọ́ tiwọn. Àwọn akọrin bọ́ ọ, àwọn ìyá ìjọ bọ́ ọ. Nígbà tó yá, ẹnì kan ráhùn pé ṣé àwọn ti di aláṣọ funfun ni. Wọ́n ní kó dákẹ́, àṣà àwọn baba ni. Ó dákẹ́, ó bọ́ bàtà.

Mọ́rúfù ì bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí kì í bá ṣe ti àwọn ọmọ. Orí itan Bàbá Kérésì ni wọ́n ti ń sọ òtítọ́. Ẹnì kan fẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹnì kan fẹ́ kí bàbá òun ti Àbújá dé. Níìfẹ́mi, ọmọbìnrin kékeré kan tí ilé wọn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀, fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bá Mọ́rúfù télọ̀ wí. Ó ti pẹ́ tí aṣọ mi ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kàn ń purọ́ fún mọ́mì mi ni."

Bàbá Kérésì ṣe hó hó hó, ṣùgbọ́n kò dún dáadáa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, aṣọ Níìfẹ́mi ti dé ilé wọn. Òkìkí kàn láàárín àwọn ọmọ pé Bàbá Kérésì yìí ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ni Mọ́rúfù ń wọ aṣọ pupa lọ gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀, kò sì jẹ́ pàdánù rẹ̀ fún ohunkóhun.

Ibi tó dé nìyí nígbà tí Fíkà tuntun dé. Olúṣọlá lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin àlùfáà tó fẹ́ràn ìtumọ̀. Nígbà tí Ádífẹ́ǹtì, àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, wọlé, ó ní ìjọ ò ní máa retí Kérésì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Kí wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ń mú àṣà kan tàbí méjì lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi ń ṣe géètì lọ́ṣọ̀ọ́: Ọba ń bọ̀ lọ́nà. Aṣọ tuntun: ẹ gbé Kristi wọ̀. Abọ́ ìrẹsì tí à ń gbé fún aládùúgbò: Ọlọ́run ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ fún wa. Ti adìẹ tí à ń pa ló le díẹ̀. Ó rìn yí ká kó tó bá àkùkọ Pétérù pàdé, ìjọ sì yára ṣe àmín kó má baà yí wọn lọ́kàn padà nípa adìẹ.

Ó wá ku bàtà. Ó bi àwọn àgbà pé ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Àwọn òyìnbó tó mú ìyìnrere wá ló kọ́ wa," ni Bàbá Akínwálé, tó dàgbà jù, wí. "Mo wà níbẹ̀."

Inú Fíkà dùn. Ó kéde pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, Bàbá Kérésì tó máa ń ṣíwájú wọn bọ́ ọ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni; irú wọn ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Màmá Dásọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ọ̀nà Fájuyì.

"Mọ́rúfù, kú uṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kó o wàásù."

Ẹ̀rọ dúró. "Màmá, ẹ ní ara mi ò yá."

"Ara ta ni? Tí mo bá wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí n mú àwọn wá kí ọ."

Qanitah, ìyàwó rẹ̀, ń rán bọ́tìnnì. Kò gbójú sókè. "Bàbá Fúàdì, ẹ kúkú ṣe bí odi."

"Odi wo ló ń ṣe hó hó hó?"

"Odi tí inú ẹ̀ dùn."

Mọ́rúfù ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe mọ́ṣáláṣí ló ń bà á lẹ́rù. Níbẹ̀ wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá ìrẹsì pọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ni kí wọ́n gba aṣọ pupa náà, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì.

"Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn," ni Qanitah wí.

"Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà?"

"Rárá o. Òtítọ́ gan-an."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Fíkà gbé máíkì sí i lẹ́nu.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń bọ́ bàtà?"

"Hó hó hó."

Wọ́n dúró. Níìfẹ́mi wà ní ìjókòó iwájú, ó ń wò ó bí ẹni tí kò sí ohun tí kò lè ṣe. Mọ́rúfù fa òwú kúrò lẹ́nu.

"Ibi tí èèyàn ti ń forí balẹ̀ fún Ọlọ́run ni. Mi ò lè gbé ẹrẹ̀ Fájuyì wọ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mi ò mọ ìtumọ̀ mìíràn, ẹ má bínú."

Gbogbo wọn mọ ohùn náà. Ẹ̀bùnọlá, ìyá Níìfẹ́mi, ló kọ́kọ́ dìde.

"Mọ́rúfù."

"Mà."

"Búláòsì mi ńkọ́?"

"Ó ku apá, mà."

"Apá náà ló kù lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ẹlòmíì béèrè ṣòkòtò ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíì ní ṣé aṣọ òun ti dé Ìgèdè ni, tí kò fi lè padà. Bàbá Akínwálé nìkan ló na ọ̀pá sókè.

"Ẹ dúró ná. Ṣé Mùsùlùmí ló ti ń bọ́ wa ní bàtà láti ọjọ́ yìí?"

"Àwọn òyìnbó ńkọ́, bàbá?" ni Màmá Dásọ́lá wí. "Ṣebí ẹ wà níbẹ̀."

Bàbá jókòó.

Fíkà wo ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀. "Àwọn amòye tó wá láti ìlà-oòrùn," ó ní, "àlejò ni wọ́n. Àwọn ló wólẹ̀ fún ọmọ náà nígbà tí àwọn onílé ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti bí i. Mo kọ ìwàásù gígùn wá lónìí. Kò wúlò mọ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n máíkì ń gbọ́: "Káásọ̀kì mi náà wà lọ́wọ́ ẹ, àbí?"

Nígbà tí àwọn ọmọ tò, tó sì kan Níìfẹ́mi, kò tètè gun itan. "Ẹ̀yin náà ni mo fi ẹjọ́ yín sùn?"

"Ṣé mi ò dá a dáadáa ni?"

Ó rò ó wò. Ó gun itan.

Nígbà tí Mọ́rúfù jáde, bàtà òjò ò sí níbẹ̀ mọ́. Màmá Dásọ́lá ti gbé e sí yàrá Fíkà, ó sì ti ilẹ̀kùn. "Ọjọ́ tí aṣọ ìjọ bá pé, wá gbà á." Mọ́rúfù fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé Fájuyì nínú aṣọ pupa, àwọn ọlọ́kadà ń kí i.

Kí Kérésì tó dé, aṣọ ti pé. Káásọ̀kì ló gbé wá kẹ́yìn. Màmá gbé bàtà náà jáde, ṣùgbọ́n kò fà á lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e sí.

"Ibí ni kó máa wà. Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ, ta ló tún máa rí i? O máa wá lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Mo máa wá, mà."

"Ọjọ́ wo?"

Mọ́rúfù fẹ́ sọ pé Ọjọ́bọ̀. Ó wo bàtà náà. Ó dá ọjọ́ gidi.