Ọ̀já Apá Kromosari

Bọ́tìnnì ló ń ba Pak Kasmudi lẹ́rù. Kì í ṣe ejò, kì í ṣe ilẹ̀ tó ń mì. Bọ́tìnnì. Tí wọ́n bá gbé fọ́tò jagunjagun àtijọ́ fún un pé kó fi àwọ̀ sí i, ó lè jókòó ti bọ́tìnnì kan fún ọjọ́ mẹ́ta: ṣé idẹ ni, ṣé egungun ni, ṣé èèpo àgbọn ni? Èmi ni mò ń tẹ àwòrán jáde ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀ nílùú Temanggung ní Indonesia, mo sì ti bá a jà títí ó ti sú mi. Mo ní ẹni tó wọ ẹ̀wù yẹn ti kú tipẹ́, kò ní í bá a ṣẹjọ́.

Á ní, "Òkú kọ́, Bu Rumi. Àwọn alààyè ni."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Nígbà kan, ó fi àwọ̀ ewé kun fìlà tó yẹ kó jẹ́ kakí, Hendratmo sì rí i. Hendratmo yìí ni olórí àwọn ọkùnrin kan tó máa ń wọ aṣọ ológun ayé ogun òmìnira lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n á máa gbé ìbọn onígi kiri bí ẹni tí kò níṣẹ́ nílé. Wọ́n fi Pak Kasmudi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù fún odidi oṣù kan. Ọkùnrin tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì tún fọ́tò ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé ilẹ̀ wa, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Àtìgbà náà ló ti ń kó àkísà jọ sínú agolo bisikíìtì, aṣọ àpò táwọn èèyàn fi ránṣọ nígbà tí àwọn ará Japan wà lórí wa, àjákù kakí, okùn bàtà. Ó ní jagunjagun tí kò lówó kì í ní yunifọ́ọ̀mù, ohun tó bá rí ló ń wọ̀, torí náà èèyàn gbọ́dọ̀ wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa egungun ẹja fún ọmọdé.

Lóṣù Keje tó kọjá, Pak Darsono, olórí abúlé Watukesik, fi alùpùpù gbé ìyá rẹ̀ wá bá wa. Mbah là ń pe arúgbó lọ́dọ̀ wa; Mbah Paridjah lorúkọ ìyá náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Fọ́tò tí wọ́n mú wá ò ju ìṣáná lọ. Bàbá Mbah ló wà níbẹ̀, Kromosari, ó dúró láìwọ bàtà, ìbọn lọ́wọ́, ọ̀já lápá òsì. Ọdún 1949 ni wọ́n rí i kẹ́yìn, nígbà tí àwọn Òyìnbó Olándà tún padà wá gbógun tì wá, gbogbo abúlé sì gbà pé ojú ìjà ló kú sí. Ìsàlẹ̀ àpótí ni Pak Darsono ti rí fọ́tò yìí, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Ó fẹ́ ká sọ ọ́ di mítà mẹ́rin, kí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu géètì abúlé fún ọjọ́ òmìnira, kí wọ́n sì fi orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ sọ títì. Ó ń sọ̀rọ̀ bí òjò. Ojú Pak Kasmudi ni ìyá rẹ̀ ń wò ṣáá. Mo rò pé ó ń wò bóyá ó mọṣẹ́ ni.

Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ 1949 ní Watukesik kí ara àgbàlagbà má bù máṣọ. Lọ́dún náà, àwọn Olándà mú ọkùnrin kan wá, wọ́n fi àpò ìrẹsì bò ó lórí, wọ́n dá ihò méjì sí i fún ojú. Ọkùnrin náà ò fọhùn. Ó kàn ń nàka ni. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló nàka sí, wọ́n kó gbogbo wọn lọ sórí afárá, odò ló sì gbé òkú wọn lọ. Títí dòní, kò sẹ́ni tó sọ pé òun mọ ẹni tó wà nínú àpò.

Pak Kasmudi kun fọ́tò náà dáadáa. Apá òkè ọ̀já náà dúdú, ìsàlẹ̀ funfun, ó sì fi pupa sókè, funfun sílẹ̀, bí àsíá wa. Ó kun ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ pàápàá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà yà kúrò lára àwọn tó kù, ó nà síta gbọnran. Ó bi mí bóyá kó tún un ṣe. Mo ní kó fi ìka oníka sílẹ̀.

Nígbà tí a lọ gbé e kọ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá arúgbó kan tó ru ewé tábà dé ẹnu géètì, ó gbójú sókè, ó yí padà, ó gba ọ̀nà etí odò lọ. Mo ní oòrùn ló mú un.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọdún òmìnira pé, Pak Kasmudi ń fẹ ọ̀já náà lójú fún fọ́tò kékeré tí Mbah máa gbé sílé. Ó pè mí. Ohùn rẹ̀ ò dáa.

"Ẹ bá mi ka ojú rírán yìí."

Mo kà á. Ojú rírán méjì ló wà níbẹ̀. Àsíá wa kì í ju ojú kan lọ, pupa pàdé funfun, ó parí. Mo bi í pé kí ni ìkejì ń wá lórí funfun. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu, ó ní fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í rí pupa, dúdú ló ń sọ ọ́ dà. Àwọ̀ aró ńkọ́? Funfun ló ń sọ ọ́ dà, èèyàn ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí funfun gidi. Pupa, funfun, aró. Àsíá Olándà. Àwọn ará ilẹ̀ wa tó ń ṣamọ̀nà fún wọn ló ń so ó mọ́pá.

Àwa la tẹ̀ ẹ́. Àwa la gun àkàbà, tí a gbé e kọ́ sórí àwọn ọmọ àwọn mẹ́sàn-án yẹn. Èèyàn orí òkè yìí kì í gbàgbé nǹkan, mo sì rí ilé Mbah Paridjah tó ń jó lójú mi kedere. Mo ní kó panu mọ́, kó pa ojú rírán yẹn rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ta ló ní kí òtítọ́ wá máa sáré?

Ibẹ̀ la wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Hendratmo ni. Ó ní òun àti ogójì ọmọ ẹgbẹ́ òun ń bọ̀ wá yan ní Watukesik lọ́jọ́ òmìnira, kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ ní títóbi rẹ̀, òun fẹ́ wo ọ̀já apá yẹn dáadáa.

Pak Kasmudi ní kí Mbah gbọ́ ọ lẹ́nu àwa kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu Hendratmo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gun òkè lọ. Èmi ni mo wa alùpùpù. A bá Mbah Paridjah lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun àti aládùúgbò rẹ̀, Mbah Sainem, wọ́n ń ṣa ewé tábà sórí àtẹ ọparun. Ọgbà kan náà làwọn méjèèjì ń lò láti kékeré. Bàbá Mbah Sainem wà lára àwọn mẹ́sàn-án. Mo wojú rẹ̀, òun ni ìyá tó yí padà lẹ́nu géètì.

Pak Kasmudi rọra ní òun fẹ́ rí Mbah Paridjah nínú ilé.

Ìyá náà ò dìde. Ó ní, "Sọ ọ́ níbí. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti ń sá wọlé."

Ló bá sọ ọ́. Ó ń kálòlò, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní àṣìṣe òun ni, ó gbé fọ́tò tó ti fi aró kùn sílẹ̀ láàárín ewé tábà. Mbah Paridjah fi ìka kan aró yẹn.

"Ìyá mi ló rán an," ló wí. "Aṣọ tí wọ́n fi ń pọ̀n mí ni wọ́n gé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n mú ọkùnrin alápò yẹn wá. Mi ò rójú ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo rí."

Mo ní kí ló dé tó fi wá jẹ́ kí a kùn ún. Ó ní nígbà tí ọmọ òun rí fọ́tò náà, òun ò lè fọhùn, òun kàn ń retí kí ẹni tó ń kùn ún rí i. "Ẹ̀yin lẹ mọ aṣọ ogun. Nígbà tí ẹ fi pupa àti funfun sí i, mo ní bóyá ojú ọmọdé ló tàn mí jẹ. Mo ní baba fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún." Ó wá gbójú sókè wo Pak Kasmudi. "Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ń gbàdúrà pé kó purọ́. Pak Kasmudi ní, "Ó dá mi lójú, Mbah."

Mo wo ọ̀bẹ tábà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mbah Sainem. Ìyá náà ò fọwọ́ kàn án. Ó mú ewé kan, ó tẹ́ ẹ, ó mú òmíràn.

"Èmi náà mọ ẹsẹ̀ yẹn, Jah," ló wí. "Ọmọ ọdún méje ni mí. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìka yẹn."

Mbah Paridjah bú sẹ́kún, igbe ọmọ kékeré. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọgbà kan, àtẹ kan, ọ̀kan ń gbẹ̀bí fún èkejì, àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù kí èkejì má lọ mọ̀.

Mbah Sainem ò gbójú sókè. "Ẹ sáà gbé àwòrán yẹn sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ọ̀nà odò jìn, orúnkún sì ń dùn mí. Mi ò lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá."

Ohun tí Mbah Paridjah sọ fún ọmọ rẹ̀, mi ò sí níbẹ̀. Pak Kasmudi jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi fóònù kọ̀wé sí Hendratmo pé òun ba iṣẹ́ náà jẹ́, kó má wulẹ̀ wá wò ó. Ọkùnrin tí bọ́tìnnì ń lé kiri, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Wọ́n ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìsinsìnyí.

A gun àkàbà, a tú okùn. Kromosari wó lulẹ̀, mítà mẹ́rin. Pak Kasmudi ti gbá apá orí mú kó máa ká a. Mo ní rárá, kó jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi ẹsẹ̀.