Tábìlì Tí Kò Gbọdọ̀ Mì

Ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n wà nílé ìdáná, wọ́n ń fọ ẹja tí wọ́n rà ní Rye Lane láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀sì ńlá kan ló ń kọjá, àmọ́ bọ́ọ̀sì kì í gba òpópónà tiwa. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n gòkè wá, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn yàrá kékeré tó wà lórí ilé ìdáná.

Èmi ni mo wà nínú ẹ̀. Mo dúró ti tábìlì kan, mo di ọwọ́ irin ẹ̀rọ kékeré kan mú, karawun ọta tò síwájú mi bí ọmọ ayò, wọ́n ń dán.

"Kí nìwọ̀nyí?"

"Karawun ọta ni, Mà."

"Ọta ìbọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wo tábìlì, wọ́n wá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yí padà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń di ògiri mú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ara mi, nítorí ọkùnrin Yorùbá tó ń rọ ọta nínú ilé ní Peckham, nílẹ̀ òyìnbó, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ti máa ro nǹkan mìíràn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí. Láti òwúrọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, ariwo ni: ẹni tó gbé àpò iṣu dí ojú ọ̀nà tí kò fẹ́ sún sẹ́yìn, ẹni tí káàdì ẹ̀ kò dún tó ń bú mi bíi pé èmi ni mo ṣe káàdì, ẹni tó ń gbá ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí mo ti gbéra. Ẹnì kan ní gáráàjì wa, òyìnbó àgbàlagbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà náà, ló mú mi lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn síbi àmì, lẹ́yìn ìlú, ní ọjọ́ Sátidé kan. A kì í yìnbọn sí ẹran tàbí ẹyẹ. Ìwé funfun ni, tó ní àmì dúdú róbótó láàárín. Bí èèyàn bá fẹ́ kí ọta bá àmì yẹn, ó ní láti mí jáde díẹ̀, kó dúró, kó má ronú nǹkan kan. N kò mọ ibòmíràn tí mo ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí. Mo gba láísẹ́ǹsì. Ọlọ́pàá wá sílé wa, wọ́n fọ̀rọ̀ wá ìyàwó mi lẹ́nu wò, wọ́n fi ọwọ́ ti àpótí irin tí ìbọn ń gbé, tí a kàn mọ́ ògiri, wò bóyá yóò mì. Nígbà tó yá, mo kọ́ bí a ṣe ń tún karawun tí a ti yìn lò, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe: kí a fọ̀ ọ́, kí a wọn ẹ̀tù sínú ẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ tẹ ọta tuntun sí i lẹ́nu. Láísẹ́ǹsì mi gbà mí láyè. Inú àpótí pákó ni ẹ̀tù náà ń gbé bí òfin ṣe wí, mo sì ń tì í pa.

Gbogbo ẹ̀ ló wà létòlétò, àfi tábìlì. Aládùúgbò kan tó ń kó lọ sí East Dulwich ló fún wa. Tábìlì ìkàwé ni, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irú pákó tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù po lúbúlúbú igi ṣe. Bí mo bá ti fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, òun náà á tẹ̀ lé e, á fi ẹ̀yìn kọ lu ògiri, gbogbo ilẹ̀ pákó yàrá náà á sì gbọ̀n. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo kàn ń sọ lójoojúmọ́ pé màá tún un ṣe.

Mọ́mì kò jẹun ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n dé láti Ìsẹ́yìn láti wá lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀. Ìyàwó mi gòkè wá bá mi. Níwájú ìyá ẹ̀, "ẹ" ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀; bó bá ku àwa méjèèjì, ó di "o".

"Mọ́mì ní àwọn fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ Bọ̀dá mi ní Surrey Quays."

"Kí ló dé?"

"O tún ń bi mí pé kí ló dé?"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wà lórí àga, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú wọn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí nǹkan yẹn bá ń dà yín láàmú, màá kó o jáde nínú ilé yìí. Màá dá láísẹ́ǹsì padà fún àwọn ọlọ́pàá lọ́la."

Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Inú mi ń wá ọ̀nà tí mi ò fi ní ṣe é.

Wọ́n fa tẹ̀súbáà náà dé òpin kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Ẹ dìde, ọkọ ọmọ mi. Ẹ jókòó."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bàbá wọn.

"Bàbá mi kì í ṣe ọdẹ," wọ́n ní. "Àgbẹ̀ ni. Ọ̀yà ló ń jẹ oko ẹ̀ tó fi ra ìbọn."

Ibi tí wọ́n ti ń ta ọta jìnnà sí abúlé wọn, nítorí náà bàbá náà a máa ṣa karawun tó ti yìn, a tún máa rọ ẹ̀tù sí wọn fúnra ẹ̀. Orí àpótí ìjókòó kan ní ẹ̀yìnkùlé ló ti máa ń ṣe é. Ẹsẹ̀ àpótí náà kan kúrú. Òkúta pẹlẹbẹ kan ni bàbá fi tì í. Lọ́jọ́ kan, lásìkò àgbàdo tuntun, ìyá wọn ń sun àgbàdo nítòsí ibẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé iná yẹn kúrò. Ìyá ní àgbàdo ti fẹ́ jinná, kó ní sùúrù. Bàbá fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ àpótí, òkúta yọ, àpótí fì, igbá ẹ̀tù sì dà sọ́nà ibi iná.

"Kò dún bí ẹ ṣe rò," Mọ́mì ní. "Ó kàn ṣe fìì báyìí. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé funfun."

Ojú òsì bàbá wọn kò ríran mọ́. Ìka ọwọ́ ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a kọ ebè títí ó fi kú.

"Gbogbo èèyàn sọ pé ìbọn ló ṣe é. Èmi wà níbẹ̀. Àpótí ni."

Ìyàwó mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di aṣọ ìnuwọ́ mú. "Mọ́mì, ẹ ò sọ èyí fún wa rí."

"Ta ló bi mí?"

Mọ́mì wá kọjú sí mi. "Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín àwọn èèyàn yìí, ó yẹ kó ní ibi tí á ti máa mí. Ṣùgbọ́n tábìlì yẹn, mi ò ní dáná lábẹ́ ẹ̀."

Mo tú ẹ̀rọ náà kúrò lórí tábìlì kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbé tábìlì fúnra ẹ̀ síta, òjò sì wọ̀ ọ́ lára ní ọ̀sẹ̀ yẹn títí ó fi wú bíi búrẹ́dì inú tíì.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta pákó létí Old Kent Road. Mo ra igi tó nípọn bí apá mi fún ẹsẹ̀, mo ra pákó pẹlẹbẹ méjì tí màá gbé lé ara wọn fún orí, mo sì ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì dípò ìṣó, nítorí ìṣó máa ń tú bí wọ́n bá ń mì í lójoojúmọ́. Mo so gbogbo ẹ̀ mọ́ orí mọ́tò. Ní Rye Lane, níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn bí ìgbín, ọkùnrin kan tó ń ta fóònù pariwo sí mi pé, "Bọ̀dá, ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé ni mo ti rẹ́ wọn. Mọ́mì jókòó lórí àga oníke, wọ́n wọ súwẹ́tà bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ràn. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé àwọn ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ káfíńtà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọn ò sì jẹ́ kó sinmi.

"Ṣé kò ní mì?"

"Kò ní mì, Mà."

Ìyàwó mi bá mi di ìdí igi mú kí ayùn lè jẹ ẹ́ gún, ó sì ń ráhùn pé lúbúlúbú igi ń bà sára aṣọ tí òun sá. Àtẹ̀gùn wa tóóró, nítorí náà a kó wọn gòkè ní ẹyọ ẹyọ, mo sì tò wọ́n pọ̀ nínú yàrá: ẹsẹ̀ mẹ́rin, igi ìdábùú nísàlẹ̀, igi ìdábùú lókè, orí tí mo fi gọ́ọ̀mù àti skúrù lẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó fì.

Ilé wa ti pẹ́. Ilẹ̀ yàrá náà dagun sọ́nà fèrèsé, ẹni tó bá jù ọsàn sílẹ̀ níbẹ̀, yóò yí lọ. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yìn ń ro mí. Mo já páálí mílíìkì, mo ká a, mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ kan. Tábìlì dúró gbagidi. Mo pe Mọ́mì.

Wọ́n wọlé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, wọ́n mì í. Kò mì. Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eékún wọn ń dún, wọ́n ń wo abẹ́ ẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Páálí ni, Mà. Ilẹ̀ ló dagun."

Wọ́n fà á yọ. Tábìlì náà fì, ó dún kọ̀.

"Òkúta ni bàbá mi fi sí tiẹ̀." Wọ́n gbé páálí náà lé mi lọ́wọ́. "Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tú u, kí o tún un ṣe."

Mo dúró síbẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, obìnrin yìí kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Àna ni mo jẹ́ fún wọn, "ẹ" ni, bí mo tilẹ̀ kéré sí wọn tó. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ti kú kí n tó fẹ́ ọmọ wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi báyẹn pé kí n tún nǹkan ṣe. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ara ṣe tù mí tó.

"Ó dáa, Mà," ni mo wí, mo sì mú sípánà.

Mo tú u. Mo gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tí yóò dúró gan-an, mo wọ̀n ọ́n níbẹ̀, mo gé e bí ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ṣe rí. Mo lu ògiri bíríkì níhò, mo fi irin onígun de tábìlì mọ́ ọn, mo sì de ẹ̀rọ náà padà sórí ẹ̀. Nígbà tí mo fi lẹ́fẹ́lì tí káfíńtà fi ń mọ ohun tó tẹ́jú lé e lórí, afẹ́fẹ́ róbótó inú omi ẹ̀ dúró sáàárín gẹ́lẹ́.

Mọ́mì kò gba lẹ́fẹ́lì gbọ́. Wọ́n bu omi kún abọ́ dígí dé etí, wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n ní kí n fa ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹ̀tù kankan níta. Karawun òfìfo ni mo fi sí i. Mo fà á wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ojú omi gbọ̀n fẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò dà. Mo tún fà á. Mo tún fà á.

Ìyàwó mi kígbe láti ilé ìdáná. "Ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"A ti ń fà á látẹ̀ẹ̀kan!"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

Mọ́mì mí kanlẹ̀. Èjìká wọn wálẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. "Alhamdulilahi," wọ́n ní, wọ́n sì gbé abọ́ náà, wọ́n mu nínú omi rẹ̀. Èmi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì mi, ó sì gbà mí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n jẹ ẹ̀bà tán, wọ́n ní ẹja kò dùn tó ti Ìsẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Surrey Quays.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ibi tí mo ti ń yìnbọn. A gbé wọn lọ, èmi àti ìyàwó mi. Àwọn bàbá òyìnbó inú ẹgbẹ́ náà dìde fún wọn, wọ́n gbé àga wá, wọ́n po tíì, wọ́n bá wọn fi ohun ìdití sórí gèlè. Ẹnì kan jẹ́ kí wọ́n fi awò awọ̀nàjíjìn wo ìwé tí mo yìnbọn sí.

Mọ́mì wo inú awò náà, wọ́n yọ ojú kúrò, wọ́n tún wò ó.

"Ìwé lásán ni?"

"Ìwé ni, Mà."

"O wa mọ́tò láti Peckham wá síbí, kí o lè dá ìwé lu níhò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lọ́fun wọn, ó pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fa etí gèlè nu ojú, àwọn bàbá yẹn sì ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn láìmọ ohun tí wọ́n sọ. "Ọ̀yà ìlú yìí gbádùn," wọ́n ní. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ jẹ."

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, wọ́n sùn ní ẹ̀yìn mọ́tò, ẹnu wọn là díẹ̀, bísíkíìtì tí wọ́n fún wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó mi bojú wẹ̀yìn wò wọ́n. Ó na ọwọ́, ó pa rédíò, mo sì rọra wakọ̀.