Orogún Kápẹ́ńtà

Láti ojú fèrèsé tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí, aránṣọ náà lè rí gbogbo àgbàlá rẹ̀ láì dìde. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, ló bá a gbẹ́ ojú fèrèsé náà fẹ̀ sí i, lọ́dún tí àbíkẹ́yìn wọn obìnrin kó lọ sí ilé tirẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé ìmọ́lẹ̀ ni ìyàwó òun ń wá. Adìyẹ ló ń wá.

Adìyẹ tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń rí ní gbogbo ìta. Onífìlà wà níbẹ̀, tí ìyẹ́ orí rẹ̀ ṣù bò ó lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń kí ògiri kó tó yà fún un. Oníbọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, tí ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé èékánná, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ tutù jù fún. Ọ̀kan sì wà tó dúdú láti orí dé ìka, awọ dúdú, ahọ́n dúdú, àfi bí ẹni pé inú àpò èédú ni wọ́n pa á sí. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ àti ọgbà tirẹ̀, nítorí pé kí ẹ̀jẹ̀ wọn má bàa dàpọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí àkùkọ onífìlà bá fo ọgbà lọ bá àgbébọ̀ oníbọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ tí wọ́n bá pa kò ní jẹ́ ti ìhín, kò ní jẹ́ ti ọ̀hún. Ẹni tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ gbé ìlà aṣọ pàdé ìlà aṣọ kò lè fara mọ́ ohun tí kò bára mu.

Kápẹ́ńtà kì í ráhùn púpọ̀. Ó kàn máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe sùúrù fún àga wọn, adìyẹ kan ló ń kọ́lé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó dá wàhálà sílẹ̀ kì í ṣe adìyẹ. Ìbátan pẹ́pẹ́yẹ ni, ó tóbi ju pẹ́pẹ́yẹ lọ, ó funfun báláú, ọrùn rẹ̀ sì gùn bí ọwọ́ agboòrùn. Ọlọ́rùn-gígùn ni wọ́n ń pè é. Irú èyí tí à ń sọ yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọlọ́rùn-gígùn pàápàá, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ kì í tẹ́; ṣe ló ń lọ́ wérewère, tó ń wọ́ tẹ̀ lé e nílẹ̀ bí etí búláòsì tí wọ́n fà pọ̀. Ọjọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là ẹni ẹlẹ́ni.

Àgbà ọkùnrin kan tó ń gbé ní ìpẹ̀kun ìlú, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ọlọ́sìn, ló ni ìwọ̀nba tó kù lágbègbè náà. Ó fún aránṣọ ní ẹyin díẹ̀ kó fi sínú ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin. Iná mànàmáná lọ, ó lọ kanrin. Nígbà tó fi máa padà dé, àwọn ẹyin ti tutù. Ọ̀kan ṣoṣo ló kó ara rẹ̀ yọ.

Ọmọ-ẹyẹ náà lajú, aránṣọ ló rí.

Kò sí ọlọ́sìn tí kò mọ òfin yìí: ohun tí ọlọ́rùn-gígùn bá kọ́kọ́ rí láyé ni yóò mú ní ìyá, bó bá sì gbó tán, irú ohun náà ni yóò mú láya. Nítorí náà, a kì í dá ọ̀kan ṣoṣo tọ́. Wọ́n máa ń wá ọmọ irú rẹ̀ mìíràn tì í, tàbí kí wọ́n gbé dígí síwájú rẹ̀ kó máa rí irú ara rẹ̀. Aránṣọ mọ̀. Dígí wà lára ògiri, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wo aṣọ wọn. Kò gbé e. Àjákù aṣọ ló mú, ó rán àpò kékeré kan, ó fi kọ́ ọrùn, ó sì gbé ọmọ-ẹyẹ náà sínú rẹ̀. Bó ṣe ń rán aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kékeré náà ń sùn lórí àyà rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Òun náà ń dá a lóhùn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la, òun á gbé dígí. Ọ̀la náà kò dé.

Nígbà tí ẹyẹ gbó, ó hàn pé akọ ni, ó sì hàn pé ó ti yan aya. Bí aránṣọ bá ń lọ sídìí okùn tó ń sá aṣọ sí, ó ń wọ́ tẹ̀ lé e. Bó bá jókòó, á gbé ọrùn lé e lẹ́sẹ̀, á máa ṣa òwú kúrò létí aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kápẹ́ńtà bá yọjú, ọrùn náà á nà gbọọrọ sílẹ̀, á máa fín bíi táyà tó jò, kó tó di pé yóò gé ọkùnrin náà jẹ níbi tí èèyàn fi ń jókòó. Kápẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú fèrèsé wọ ilé ara rẹ̀. Aládùúgbò wọn kan, onígbàjámọ̀ tí ọgbà rẹ̀ bá tiwọn pààlà, bá a níbi tó ti ki ẹsẹ̀ kan sínú ilé, tí ẹsẹ̀ kejì wà níta. Ó bi í bóyá kọ́kọ́rọ́ ló sọnù.

"Orogún mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà," ni kápẹ́ńtà fi dá a lóhùn.

"Ọkùnrin kì í ní orogún, ẹ̀gbọ́n."

"Sọ fún un. Èmi ti sọ ọ́ títí."

Láti ọjọ́ náà ni ẹyẹ yẹn ti ń jẹ́ Orogún. Onígbàjámọ̀ gbé orúkọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí orí tó wọ ibẹ̀ tí etí rẹ̀ jáde lófo.

Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀, títí Bàbá Ọlọ́sìn fi yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan. Àìsàn ti gbá àwọn akọ rẹ̀ lọ. Nínú àwọn abo, ẹyọ kan péré ló ṣì lè yé, òun ló sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, tó yọrí jáde, tó ń wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kù sí akọ mìíràn tí Bàbá mọ̀ bí kò ṣe Orogún.

"Abo yìí náà ti ń darúgbó," ni Bàbá wí, ó ń fọwọ́ tẹ́ ìyẹ́ tí kì í tẹ́ náà. "Àsìkò ẹyin yìí ló kù fún un. Bó bá kọjá láìsí ọmọ nínú ẹyin, ẹnu la ó fi máa ròyìn wọn."

Aránṣọ gba apẹ̀rẹ̀ náà lọ́wọ́ méjèèjì. Ó pe abo náà ní Ìyàwó, ó sì mú un wọ ọgbà Orogún. Kápẹ́ńtà ti bá wọn ri agbada ńlá kan mọ́lẹ̀, ó pọn omi kún un, nítorí pé inú omi ni irú wọn ti ń gun ara wọn. Ìyàwó wẹ̀, ó gbọn ìyẹ́, ó tẹrí ba, ó yí Orogún po. Ohun gbogbo tí ìyàwó lè ṣe ló ṣe. Orogún kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ki ọrùn gba àárín wáyà, ó kọjú sí fèrèsé tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà, ó sì ń ké.

Ìyàwó yé. Aránṣọ kó àwọn ẹyin náà sábẹ́ àgbébọ̀ kan tó ń sàba, ó jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá, ó wá mú wọn lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ara rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn nídìí. Ẹyin tó lọ́mọ nínú máa ń fi okùn ẹ̀jẹ̀ hàn. Ìwọ̀nyí mọ́lẹ̀ kedere bí yàrá tí kò séèyàn nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ bo iwájú orí, ó wọ bàtà tí ìyẹ̀fun pákó kún inú rẹ̀, ó wọ ọgbà lọ. Èrò rẹ̀ ni pé bí Orogún kò bá rí òun mọ́, bóyá yóò rí Ìyàwó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́. Orogún na ọrùn sílẹ̀, ó fín, ó gé ṣòkòtò náà jẹ. Aránṣọ ṣe bó ti máa ń ṣe fún gbogbo ohun abẹ̀mí, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Ọrùn ẹyẹ náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbé e lé bàtà kápẹ́ńtà.

Ọkọ rẹ̀ ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. "Ìyá wọn, ohùn lo gbàgbé láti bọ́ sílẹ̀," ló wí.

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan. Ó ní òun ló dúró sáàárín àwọn ẹyẹ méjèèjì, àti pé òun yóò lọ gbé lọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn wọn títí Ìyàwó yóò fi sàba. Kápẹ́ńtà wo ìta, ó wo àwọn ọgbà adìyẹ tó tò lọ, ó mọ ẹni tí yóò máa bọ́ wọn.

"Mo máa ń gbọ́ pé ìyàwó lé ìyálé kúrò nílé," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀ nílé mi, láìjẹ́ pé mo fẹ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ má jẹ́ kí àkùkọ onífìlà fo ọgbà, Bàbá wọn."

"Kò ríran. Ibo ló ń fò lọ?"

Ilé ọmọ wọn wà lókè àjà kẹta. Gbogbo ibẹ̀ mọ́, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ tí adìyẹ lè ha. Ọmọ náà ní kí màmá òun jókòó, kó sinmi. Màmá rẹ̀ jókòó, ó tún etí gbogbo kọ́tìnnì rán, ó wá bojú wo àwọn aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀, á jí kí àkùkọ tó kọ, á máa retí kó kọ. Mọ́tò ló máa ń kọ dípò rẹ̀.

Kápẹ́ńtà ló ń fóònù láti ròyìn. Orogún ké títí ohùn rẹ̀ há. Orogún dákẹ́. Orogún kò jẹun. Orogún ti ń jẹun. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ayọ̀ gun ọkùnrin náà. Orogún ti dúró ti Ìyàwó láti òwúrọ̀, ó ń bá a tún ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣe. Kápẹ́ńtà rọ̀ mọ́ wáyà ọgbà, ó tẹ fóònù rẹ̀ kó lè dún sókè, kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń kùn síra wọn.

"Inú mi dùn o," ni aránṣọ wí.

Ohùn rẹ̀ jáde sínú àgbàlá. Orogún fi Ìyàwó sílẹ̀, ó sáré tẹ ìyẹ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọrùn yọ láti inú wáyà, ó sì gbá fóònù náà mú. Inú ẹrẹ̀ ni kápẹ́ńtà ti ṣa á. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ẹyẹ náà tó kúrò níbi tí ohùn náà ti jáde.

Nígbà tí kápẹ́ńtà tún pè, inú yàrá ló ti pè, ó sì ń tọrọ àforíjì bí ẹni tó fọ́ àwo. Aránṣọ sọ fún un pé kó máa ti ilẹ̀kùn, kó ti fèrèsé náà. "Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ohùn mi mọ́," ló wí. Lẹ́yìn èyí, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ìròyìn di ṣókí. Orogún padà sí ẹ̀gbẹ́ Ìyàwó, lọ́ra-lọ́ra. Lọ́jọ́ kan, kápẹ́ńtà pè, ó ń wúkọ́, ó ń rìn yí ọ̀rọ̀ ká bí àgbà tí wọ́n ní kó wá sọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ó ní òun ń pọn omi sínú agbada, òun sì rí i pé agbada náà ti ní àlejò, òun sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aránṣọ ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyàwó wọ koríko jọ, ó yé sí i, ó sì sàba lé àwọn ẹyin náà fúnra rẹ̀. Kápẹ́ńtà dúró títí Ìyàwó fi dìde lọ mumi, ó jí ẹyin kan gbé, ó bá a wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé eékún pọ̀ mọ́ àgbọ̀n, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ní kó ṣe é.

"Òwú pupa wà nínú rẹ̀," ló sọ lórí fóònù láti inú kọ́bọ́ọ̀dù náà. "Ó tàn ká. Nǹkan kan wà láàárín rẹ̀, Ìyá wọn. Ó ń mì."

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà sáré jáde láti ilé ìdáná, ó bi í pé ta ló kú. Ó ní kò sẹ́ni tó kú.

Ó padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gbé ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó lọ sí ọgbà tààrà. Kápẹ́ńtà ti ṣí i sílẹ̀ kí akọ lè máa yí ìtẹ́ náà po. Ìyàwó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú koríko, ó tan ìyẹ́ rẹ̀ bo gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Orogún dúró níwájú rẹ̀. Ó ti sanra sí i.

Ó fi ojú kan wo aránṣọ, ó yí orí, ó fi ojú kejì wò ó. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò ná an. Bó bá ní pẹ̀lẹ́, ọrùn yẹn á rọ̀, á wá gbé e lé òun lẹ́sẹ̀, kò sì ní padà sídìí ìtẹ́ náà lónìí, bóyá kò ní padà lọ́la. Ajá wà ládùúgbò. Ìyàwó nìkan kò lè lé ajá, kó tún sàba.

Orogún fín, ó sáré bọ̀. Aránṣọ kò yẹ̀. Ẹyẹ náà gbá a mú lójúgun, aṣọ àti ẹran, ó lọ́ ọ, bí ó ti rí i tó ń ṣe fún ọkọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí òun ń rẹ́rìn-ín. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀. Ẹyẹ náà tún un lọ́, ó fi í sílẹ̀, ó gbé orí sókè, ó fi igbe ìṣẹ́gun padà sọ́dọ̀ aya rẹ̀, aya náà sì dá a lóhùn láti inú koríko.

Kápẹ́ńtà yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó wo ojúgun ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń wú, ó wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ó dùn ọ́?" ló fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi í.

Aránṣọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu.