Ìkíni Tí Mo Jẹ Bàbá Sàlámì

Ìró ilẹ̀kùn irin ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n, torí ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń ṣí fúnra rẹ̀ lẹ bá láyé. Ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń ká sókè bí ẹní a máa pariwo gan-an, gbàràgàdà, títí yóò fi dé òkè, yóò wá dákẹ́ lójijì. Láti orí ibùsùn mi ní Kúdáì níhìn-ín, lápá gúúsù Mẹ́kà, ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sáré dìde jókòó bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́. Ìgbà tí mo yọjú lójú fèrèsé ni mo rí àwọn òṣìṣẹ́ bàládíyà, ìjọba ìbílẹ̀ wa, wọ́n ń tú ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tó ti dípẹtà kúrò lára ògiri. Ilẹ̀kùn Bàbá Sàlámì ni.

Ojú pópó yìí ni wọ́n bí mi sí. Ìwó ni Àlàájì àti Àlàájà tó bí mi ti wá ṣe hájì, wọn kò sì padà mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí nǹkan kan ní gbogbo ìlà ilé wa àfi bàkálà kékeré kan tó ń ta ọṣẹ àti sadíìnì. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ìyá wa a tẹ́ ẹní síwájú ilé, wọn a sì máa ka ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ bí ẹni ń ṣe àdúà. Ọ̀kan fẹ́ onígbàjámọ̀ tó lè gé irun ọmọ rẹ̀ láìyínmú. Òmíràn fẹ́ télọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán bùbá. Ìyá tèmi kò fẹ́ ju irú lọ. "Irú o, Ọlọ́hun! Irú lásán!" Gbogbo wọn a bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé kò fi ṣeré.

Àfi bí Bàbá Sàlámì, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ṣe sọ yàrá iwájú ilé rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣaráfíyà ní Jíídà, níbi tí àwọn èèyàn wa tó kó ẹrù ti ilé wá máa ń wà, á sì ru èlùbọ́ àti gàrí bọ̀. Irú ni kò rọrùn. Ọ̀rá mẹ́ta ló máa ń dì í sí, kí awakọ̀ má baà gbóòórùn rẹ̀ kó sì já a sílẹ̀ lójú aṣálẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí, ó láwọn rìn títí bàtà fi já, òun àti irú òun.

Ìlànà kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bàbá Sàlámì kì í tajà fún ọmọ tí kò bá kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Obìnrin a kúnlẹ̀, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, Yorùbá lo sì máa fi béèrè ohun tí wọ́n ní kí o rà. Bí o bá ti ṣe é dáadáa, á pe oríkì rẹ, á kì ọ́ débi tí orí rẹ á wú, á wọn ọjà rẹ, á wá fi èènì lé e. Èmi kì í fẹ́ kó tètè wọn tèmi tán. Níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan síbẹ̀ tí àwọn bàbá wa máa ń jókòó lé lórí, tí wọ́n á máa mu ṣáì, tíì àwọn Lárúbáwá, tí wọ́n á máa bá ara wọn ṣàríyànjiyàn lórí ìlú tí wọ́n ti fi sílẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ forí balẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́hun. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Sàlámì, ẹ̀rín pa á. "Ìkíni ni, ọmọ mi, kì í ṣe ìrun. Ta ló ń kírun lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn nígbà yẹn.

Ó wá di ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì, ọmọ Lárúbáwá, tẹ̀ lé mi bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ìyá mi sì ti ní kí n ra irú bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ, wọn ò lọ. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, mo ń gbọ́ mími wọn lẹ́yìn mi. N kò dọ̀bálẹ̀. Mo dúró gbagidi, mo na ọwọ́ sí bàbá tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, mo sì kí i ní Lárúbáwá. Bàbá Sàlámì wo ọwọ́ náà díẹ̀. Ó nu tirẹ̀ mọ́ aṣọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó wọn irú, ó fi èènì sí i bó ṣe máa ń ṣe, ó wá sọ ní Lárúbáwá pé, "Alláhù yahfasak." Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ. Àdúà gidi ni, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ Lárúbáwá rí láyé. Sàlámì ọ̀rẹ́ mi dúró ti àpò gàrí, ó wò mí, ó gbójú kúrò.

Láti ọjọ́ náà, Lárúbáwá ló kù tó ń bá mi sọ. Kò bínú o. Ó rò pé ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kò pe oríkì mi mọ́, Sàlámì náà kò sì wá pè mí fún eré mọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé tó bá dọ̀la, máa lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, máa bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí. Nígbà tó yá, onílé gba ilé rẹ̀, wọ́n kó lọ sí Báhárà lójú ọ̀nà Jíídà, níbi tí owó ilé ti pọ́ọ́kú. Mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo bá a tí wọ́n ti fa ilẹ̀kùn irin náà wálẹ̀ tì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ la gbọ́ pé bàbá náà ti jáde láyé.

Ìyàwó mi ló pe oríkì mi kẹ́yìn, òun náà sì ti lọ. Àwọn ọmọ mi ń ṣe dáadáa sí mi, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí bàládíyà tó wá tú ilẹ̀kùn náà, nígbà tí wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ lójú pópó wa, orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Dókítà ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé lókè wa fẹ́ ilé oògùn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ilé kọfí tó ní tẹlifíṣàn ńlá. Àwọn obìnrin fẹ́ ibi tí àwọn náà lè jókòó sí. Háwáù ọmọ-ọmọ mi bi mí pé èmi ńkọ́. Mo ní mo fẹ́ bẹ́ǹṣì, àti ẹni tó máa pe oríkì mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ bẹ́ǹṣì. Ó ní wọn ò ṣe àyè fún èkejì.

Wọ́n parí iṣẹ́ náà lóòótọ́. Ilé kọfí ló wà níbẹ̀ báyìí, ó tutù, ó mọ́, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń ta sánsán láti òwúrọ̀. Inú mi dùn fún àwọn tó fẹ́ ẹ, ẹ má pè mí ní onílara. Wọ́n tilẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì síta.

Ní àárọ̀ tí wọ́n ṣí i, mo ti débẹ̀ kí èrò tó jáde. Mo wá ibi tí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ wà, mo mọ̀ ọ́n dájú. Mo gbé ọ̀pá mi sílẹ̀, mo fọwọ́ tilẹ̀, eegun mi ń dún, mo sì nà gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ má bínú."

Ọmọkùnrin ará Bangladéṣì tó ń tajà níbẹ̀ ló ké, ó sáré jáde. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó gbé mi dìde, ó gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbọn eruku lára mi, ó bu omi wá. Yorùbá ni mo fi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí irú dé orí ọwọ́ tí mo nà. Kò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, àmọ́ ó ń mi orí, ó ń fọwọ́ pa mí léjìká. Gbogbo nǹkan ti yí padà lójú pópó yìí, ṣùgbọ́n ara mi kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ẹni tí mo fẹ́ kí ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọmọ náà dá mi lóhùn. "Alláhù yahfasak," ló wí.

Mo gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Àmín."