Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Tú Egbò Wọn Láti Ṣe Àlùwàlá

Ọjọ́ tí wọ́n yọ èékánná ẹsẹ̀ bàbá mi ní ilé ìwòsàn kan ní Ìwó kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Àfáà ni bàbá mi. Ìwé kẹrin ni mo wà. Ẹni tó di egbò náà kìlọ̀ pé, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ má tú u."

Nígbà tí wọ́n délé tí àkókò ìrun Àláásárì tó, bàbá mi tú u láti ṣe àlùwàlá. Ẹ̀jẹ̀ bo búútà. Òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ náà lé àpótí, wọ́n fi gèlè mímọ́ tẹ ojú egbò, wọn kò gbọ́wọ́ kúrò títí ẹ̀jẹ̀ fi dá.

Ìyá mi ní, "Àfáà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé aláìsàn lè fi erùpẹ̀ dípò omi."

Láti ọjọ́ náà, bí bàbá mi bá ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yẹn, ohùn wọn a máa lọ sílẹ̀.