Ẹnu Kan La Fi Sọ̀rọ̀, Ẹnì Kan Ni Wọ́n Kà Wá Sí

Ọdún tí owó kòkó ga débi pé àwọn ọmọ tó kàwé jáde ń padà wálé wá bẹ bàbá wọn fún oko ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mò ń kọ ọ́ fún kò tíì gbàgbé, torí kò jìnnà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní Odigbo rí, mo ti jókòó síwájú ilé kánsù nítorí owó oṣù wa, mo sì rò pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà rẹ́ ènìyàn jẹ tí ojú mi kò tíì rí. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ohun tí a jà fún kò le. Lórí fóònù, ènìyàn lè fi owó díẹ̀ ra ìpín nínú àpò ìdókòwò tó ń tẹ̀lé iye tí wọ́n ń ta kòkó lágbàáyé. Oríṣi méjì ló gbòde láàárín wa. Ọ̀kan là ń pè ní ìlọ́po: bí kòkó bá gbówó lórí, èrè rẹ̀ á di méjì, bó bá já, àdánù rẹ̀ náà á di méjì. Èkejì ni adojúdé: ìgbà tí owó kòkó bá ń já lulẹ̀ gan-an ni tirẹ̀ ń gòkè. Mi ò ní tàn yín, ìlọ́po ti sọ àwọn ọmọkùnrin kan ní gáréèjì Ore di ẹdun arinlẹ̀. Ṣùgbọ́n adojúdé ni àwa olóko rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá Tọ́lá fún yín. Opó ni, ní Àgọ́ Aláyé, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí kì í pa ìṣọ́ òru jẹ. Oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń tọ́ àwọn ọmọ. Ọdún yẹn, ó fi oko náà dógò lọ́dọ̀ olówó kan tó ń ra kòkó, kó lè rí owó tún un ṣe. Bí kòkó bá já kó tó rà á padà, oko lọ nìyẹn. Ìdí tó fi ń ra adojúdé díẹ̀díẹ̀ nìyí. Mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á.

"Tíṣà," ó ní, "kí á tó gbin kòkó, ṣebí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbìn, kí òòrùn má bàa pa ọmọ kòkó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lèyí."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò fẹ́ gé. Wọ́n gbé àbá òfin jáde pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá tóbi nìkan ló lè ra ìlọ́po àti adojúdé, tàbí ẹni tó bá yege ìdánwò kan lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò wá ni. Ààbò! Níbo ni ààbò wà nígbà tí àwọn tó ń ra kòkó ń gbé òṣùwọ̀n èké wá sóko?

Àwọn aláṣẹ ọjà ìdókòwò náà wá sí Ore wá gbọ́ tẹnu wa. Kí ọjọ́ náà tó pé, a ti ṣèpàdé ní ìsọ̀ Alhaji Múfú, àgbà nínú àwọn oníṣòwò kòkó, a sì fẹnu kò pé òun ni yóò gbẹnu sọ fún gbogbo wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Níbí, bí àgbà bá ti gba ẹnu ìlú sọ̀rọ̀, ẹni tó bá tún dìde sọ ohun kan náà ń tẹ́ àgbà náà ni.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ará Odigbo gun ọ̀kadà wá, àwọn ará Àgbábù náà wá, awakọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì. Alhaji sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣáájú àwọn aláṣẹ náà wá bèèrè bóyá ẹlòmíràn ní àtakò. Kò sẹ́ni tó mira. Ó tún bèèrè. Màmá Tọ́lá fẹ́ dìde, obìnrin tó jókòó tì í fà á láṣọ. A gbà pé ìdákẹ́jẹ́ wa gan-an ni yóò bà wọ́n lẹ́rù.

Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde, ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹnì kan ló tako àbá náà ní Ore, pé àwọn yòókù kò lòdì sí i.

Mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọ́fíìsì. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga.

"Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ la máa ń kà, Mà," ó ní.

"Ẹni tó dákẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti gbà nìyẹn."

Mo ní, "Nígbà tí bàbá rẹ lọ tọrọ ìyàwó fún ọ, tí o dákẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, ṣé bàbá rẹ ló gbéyàwó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè dárí jì í. Òfin náà múlẹ̀, wọ́n yọ Màmá Tọ́lá kúrò nínú adojúdé tipátipá, nígbà tó sì ṣe, owó kòkó já bó ṣe máa ń já. Olówó gba oko. Lónìí, Màmá Tọ́lá ń gba iṣẹ́ oko ríro lóko olóko.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn bàbá wa ló sọ ìyẹn náà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ náà padà wá sí Ore láti gbọ́ bí òfin náà ṣe ń rìn, Alhaji kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó yíjú sí wa, ó ní kí oníkálukú wá tẹ́ òun. A tò lẹ́yìn ara wa, a sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà títí ọwọ́ fi ń ro ẹni tó ń kọ ọ́. Ohun tí a rí gbà kò ju pé a lè ṣe ìdánwò náà lédè Yorùbá. Owó oṣù ńlá ṣì wà nínú òfin. Oko Màmá Tọ́lá kò padà, ẹnikẹ́ni kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun náà tò lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó kàn án, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún un pé kò ní oko mọ́, kò sì ní nǹkan kan lórí fóònù, kí ló tún fẹ́ sọ.

"Mo wà níbí lọ́jọ́sí," ó ní. "Ẹ kà mí."