Agbọ́n Igi àti Labalábá Lára Àga Ìwàásù

Àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Ìjọ fẹ́ wá wo àga ìwàásù tí wọ́n ní ká kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni agbọ́n kan yọ orí jáde lára rẹ̀. Mùfú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kun fáníìṣì ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ágége, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ayálégbé yín ti jí."

Agbọ́n igi kì í ta ni. Inú igi ló ń yé sí nínú igbó. Ọmọ rẹ̀ á máa jẹ igi náà láti inú. Wọ́n á là á ní pákó, káfíńtà á fá a, kò ní mọ̀. Ọjọ́ tó bá hu apá ló ń lu ihò jáde, roboto bí ẹni pé ẹ̀rọ ló lù ú. Mo ti fi àtè po lẹ́búlẹ́bú pákó, mo fi dí ihò èyí tó kọ́kọ́ jáde. N kò mọ̀ pé ó ní àbúrò nílé.

Bí Ìyá Ìjọ bá gba àga yìí, àwa la máa kan gbogbo bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí wọn ò bá gbà á, káfíńtà kan wà l'Ágídìngbì tó ń retí.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, Mùfú ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú àwa méjèèjì. Ó ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí labalábá kan bà lé fáníìṣì tútù. Ibi tí a ti ń yọ ọ́, ìyẹ́ apá rẹ̀ kan kù síbẹ̀. Mùfú ní àlejò tòun ṣáà rẹwà, tèmi ń jẹ ilé onílé. Mo ní tèmi ṣiṣẹ́ kó tó jáde, tirẹ̀ kàn wá ṣe fáàrí.

Ìyá Ìjọ dé, wọ́n fi ìka kan ihò tí agbọ́n náà gbà fò lọ. Mo sọ ohun tó lù ú fún wọn.

"Ṣé ó ku òmíràn nínú ẹ̀?"

"N ò lè búra, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí òmíràn bá yọjú nígbà ìwàásù, kò sẹ́ni tó máa sùn. Ṣùgbọ́n kí Mùfú ha ìyẹ́ labalábá yẹn kúrò, torí òun làwọn ọ̀dọ́ máa wò dípò oníwàásù. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mùfú ń ha fáníìṣì, ó ń kùn sínú. Ó bi mí bóyá ká wá pákó tó ní ayálégbé fún bẹ́ǹṣì náà.

Mo ní, "Ti ẹ̀yìn nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn."